Irú Òpó Wo Ni Ó Yẹ fún Ọgbà Oníná Alágbèéká Lórí Ilẹ̀ Líle?

Àgbẹ̀ Ṣakí:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ọlọ́sìn tí ẹ wà níbí. Ìtòsí Ṣakí ni oko mi wà. Mo ń sin màlúù tí kò ju ọgbọ̀n lọ, pẹ̀lú àgùntàn àti ewúrẹ́ díẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn gómìnà ìhà gúúsù ti fẹnu kò ní Àsàbà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 pé kí dída ẹran káàkiri dópin ni mo ti ń múra láti máa bọ́ wọn lórí ilẹ̀ ara mi. Mo ti gbin agúnmánìyè àti lápálápá yí oko náà ká, wọ́n sì ti ń di ọgbà gidi. Ohun tí ó kù ni bí n ó ṣe pín inú rẹ̀ sí abala-abala, kí àwọn ẹran lè jẹko ní apá kan, kí a kó wọn lọ sí òmíràn, kí koríko èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ sì ráyè hù padà. Wáyà oníná àti òpó tí a lè fà tu ni mo fẹ́ fi ṣe é. Àwọn òpó tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀: onike wà, onírin tí orí rẹ̀ ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ wà, ọ̀pá fáíbà náà sì wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti lò wọ́n, èwo ni yóò wọ ilẹ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn kò sì ní tètè bà jẹ́?

Bàbá Onímàlúù:

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ yan òpó yìí, nítorí pé òpó tí rírì rẹ̀ bá ń dáni lágara ni yóò mú kí ẹni pa kíkó ẹran láti abala dé abala tì. André Voisin, ará Faransé tí ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1950, tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹran má ṣe pẹ́ ní abala kan débi tí yóò fi tún máa jẹ èéhù tuntun tí ó ń yọ lẹ́yìn tí ó ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni ẹran fi ń gbé ibì kan, lẹ́yìn náà ẹ ó tún fa òpó tu.

Fún màlúù, ẹ má ra onike. Ìṣó ìdí rẹ̀ kúrú, ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ ya nígbà tí ọyẹ́ bá ti sọ yangí di líle. Onírin ni kí ẹ rà: ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ga tó mítà kan, tí wọ́n fi ike bo orí rẹ̀ tí ó ká, tí wọ́n sì jó ibi ìtẹ̀sẹ̀ mọ́ nísàlẹ̀.

Àléébù tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀ ni pé wáyà kan ṣoṣo ni orí rẹ̀ ń gbà, wáyà kan kò sì tó ní àgbègbè yín. Iná kì í ta màlúù àfi tí ó bá gba ara rẹ̀ kọjá sínú ilẹ̀, tí ó sì ti inú ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tí ń tì í jáde. Ilẹ̀ tí ó gbẹ kì í gbé iná dáadáa. Ní oṣù Kejì, ẹ lè rí i pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, iná wà nínú wáyà, síbẹ̀ màlúù á fi imú kàn án láìbìkítà. Ohun tí a ń ṣe sí i ni pé kí a ta wáyà méjì: kí iná wà nínú ti òkè, kí a sì so ti ìsàlẹ̀ mọ́ irin tí a rì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ẹran tí ó bá fẹ́ ki orí bọ àárín wọn yóò kan méjèèjì, iná yóò sì ta á bí ilẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Níbí ni òpó onírin ti wúlò jù lọ, nítorí pé wáyà ìsàlẹ̀ yìí kò nílò ìdènà iná kankan, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí iná inú wáyà wọ òpó. Ẹ lè dì í mọ́ ọ̀pá irin náà gan-an, nítorí ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì so mọ́. Ẹ jẹ́ kí ti òkè ga tó sẹ̀ǹtímítà 85, kí ti ìsàlẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 55.

Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, òpó kan ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá tó fún màlúù. Ìlà tí ó gùn ní mítà 100 yóò gba òpó alágbèéká 9 láàárín igi ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin. Ẹ ra èyí tí ó tó ìlà mẹ́ta, ìyẹn 27, kí ìlà abala tuntun lè ti wà ní ìdúró kí ẹ tó ṣí ti àtijọ́. Àwọn agúnmánìyè yín ni kí ẹ fi ṣe òpó ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà, kí ẹ kan ìdènà iná mọ́ wọn, nítorí òpó alágbèéká kò lè gba fífà wáyà.

Ìyá Ẹlẹ́ran:

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ nípa màlúù, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kò ní dúró lẹ́yìn wáyà méjì. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń fẹ́, kí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá má sì ga ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, nítorí pé abẹ́ ni ó máa ń gbà jáde kí ó tó ronú àtifò. Fún ìdí èyí, òpó onike tí ó ní ìkọ́ púpọ̀ láti òkè dé ilẹ̀ ni mo ń lò fún wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń fi irin ṣóńṣó àti òòlù lu ihò kí a tó ki ìdí òpó bọ̀ ọ́. Ó gba àkókò, ṣùgbọ́n òpó kì í ya. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á bóyá wọ́n po ohun tí ń dènà oòrùn mọ́ ike rẹ̀. Bí kò bá rí ìdáhùn gidi fún yín, ẹ má rà á.

Wọn yóò fi àwọ̀n oníná tí òpó ti wà lára rẹ̀ lọ̀ yín. Ó dára fún àgùntàn tí kò níwo, nítorí pé irun ni àgùntàn ilẹ̀ wa ní, kò ní òwú tí yóò dí iná lọ́nà. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wa, àtakọ àtabo, ni ó ní ìwo. Bí ìwo bá há sínú àwọ̀n tí iná ń lù ú léraléra, ẹran náà lè kú.

Ẹ tún kọ́ wọn mọ́ iná ṣáájú. Ẹ ta wáyà sínú ọgbà kékeré tí ó lágbára, kí wọ́n gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí olúkúlùkù fi imú ara rẹ̀ mọ ohun tí ó jẹ́.

Àgbẹ̀ Ṣakí:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá àti Màmá. Ṣé mo lè dín ìnáwó kù pẹ̀lú ọparun, tàbí irin tí àwọn bíríkìlà ń lò?

Oníná Oko:

Ẹ̀gbọ́n, ọparun gbígbẹ kò burú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti rin ín, iná yóò máa gba ara rẹ̀ jò sílẹ̀, ikán yóò sì jẹ ìdí rẹ̀. Irin bíríkìlà tí ó nípọn ní mìlímítà 12 lágbára gan-an, wẹ́dà sì lè gé e fún yín ní Ṣakí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí ìdènà iná kan ṣoṣo bá sán, gbogbo ìlà náà yóò pàdánù agbára. Àwọn tí ń ra irin kóńdẹ̀mù náà ń bẹ, nítorí náà, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú oko tí ẹ kò lò. Ọ̀pá fáíbà kì í gbé iná, kì í sì í dípẹtà, ṣùgbọ́n òòlù ni a fi ń rì í, bí oòrùn bá sì ti pa á pẹ́, ara rẹ̀ máa ń tú sí ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí ń wọ ọwọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń fà á tu.

Ẹ má ṣe so wáyà yìí mọ́ iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ tààrà láé. Yóò pa ẹran, yóò sì pa ènìyàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọgbà ni kí ẹ lò. Òun a máa ta iná fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré gan-an, á sì sinmi kí ó tó tún ta, bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Onísólà dára fún ibi tí ẹ wà. Ẹ má ṣe fi iná sínú wáyà ẹlẹ́gùn-ún, nítorí ẹni tí ó bá há sí i kò ní lè tètè já ara rẹ̀ gbà. Ẹ sì ra ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn iná, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n ní òpin ìlà tí ó jìnnà jù: bí kò bá tó 3,000 fólítì fún màlúù, tàbí 4,000 fún ewúrẹ́, ẹ wá ibi tí koríko ti fara kan wáyà.

Ọ̀rọ̀ iná ìgbẹ́ náà kù. Ike kì í dúró de iná. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọ̀, ẹ ro ẹ̀yìn ọgbà lápálápá yẹn káàkiri, kí ó fẹ̀ tó mítà mélòó kan, kí àwọn òpó tí ẹ fowó rà má bàa yọ́ sílẹ̀.