Mẹ́sẹ́ẹ̀jì wo ló ti pa server yín rí?

Àjàní_C: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará. Tèmi rèé. Server tó ń gba owó POS ni, èdè kọ̀ǹpútà C la fi kọ ọ́, báìtì méjì àkọ́kọ́ ló máa ń sọ bí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ṣe gùn tó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń kú, ọ̀sán òun òru, segmentation fault ṣáá (ó fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe tiẹ̀ nínú memory), tá a bá sì wo core dump, ẹ̀dà memory tó fi sílẹ̀ nígbà tó kú, ibi tó kú sí lónìí kọ́ ló máa kú sí lọ́la. Ìgbà tí mo fi tcpdump, ètò tó ń wo ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣọ́ ọ ni mo rí i pé ẹ̀rọ POS tuntun kan ń kọ báìtì méjì yẹn lódì, èyí tó yẹ kó ṣáájú ló ń gbẹ̀yìn, 64 ló fẹ́ sọ, 16,384 ni server ń kà. Báìtì 512 péré la sì là sílẹ̀ fún un nínú memory. Server á máa dúró de ìyókù, POS tí ò rí èsì á máa tún un rán lórí ìlà kan náà, tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹjọ ó ti kún dà sórí nǹkan ẹlòmíì.

ìyá_tẹ́ẹ̀kì: Mo ṣírò ẹ̀, báìtì 66 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan (64 àti 2 tó ń sọ gígùn), tá a bá yọ 2 àkọ́kọ́ tí server ti kà, ìkeje ṣì wà ní 460, ìkẹjọ ló di 526. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni.

aṣọ́de: Ẹ fi sí cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ lákòókò tá a bá dá fún un, kó máa tún ara ẹ̀ tàn.

Àjàní_C: Ẹ̀gbọ́n, a ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Owó ẹni tó ń sanwó lọ́wọ́ nígbà tó kú ńkọ́? Ìyá kan dúró níwájú ẹlẹ́ja fún wákàtí kan, wọ́n ti yọ owó wọn, ẹlẹ́ja lóun ò rí nǹkan kan. Èmi ni wọ́n pè. Ohùn ìyá yẹn ò kúrò létí mi.

kékeré_ògo: Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí kì í kú lójú ẹsẹ̀ tí ìrántí (memory) ẹ̀ bá ti bàjẹ́?

ìyá_tẹ́ẹ̀kì: Àbúrò, wo onígààrí àti ẹlẹ́wà tí igbá wọn kanra lọ́jà. Gààrí kún, ó dà sínú ẹ̀wà, kò sẹ́ni tó máa pariwo títí ẹlẹ́wà á fi fẹ́ wọn ọjà fún oníbàárà. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wà lariwo ti máa bẹ́, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló jẹ̀bi.

kékeré_ògo: Háà, ó ti yé mi wàyí.

bàbá_UDP: Tiyín tiẹ̀ dáa tó jẹ́ pé ó kàn ń kú ni. January 25, 2003, kòkòrò kọ̀ǹpútà Slammer, packet UDP (ẹrù kékeré orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kan ṣoṣo, báìtì 376, ó gba ẹnu ọ̀nà (port) 1434 wọ SQL Server 2000, ètò ìpamọ́ dátà Microsoft, ó sọ ibẹ̀ di ilé ẹ̀. Àtúnṣe ẹ̀ sì ti jáde láti July 2002! Níbi tí mo wà nígbà yẹn, a ò tíì fi sí i. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣeé lò títí ilẹ̀ fi ṣú.

rust_ni_tèmi: Heartbleed 2014 náà ńkọ́?

bàbá_UDP: Rárá, kíkà nìyẹn, kì í ṣe kíkọ. Wọ́n parọ́ gígùn fún OpenSSL, ètò tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó gbà á gbọ́, ó ń bu ohun tó wà nínú memory fún àlejò, tó 64 kilobáìtì lẹ́ẹ̀kan. Server ò kú, àṣírí ló ń tú.

rust_ni_tèmi: Ẹ ṣáà fi C sílẹ̀.

Àjàní_C: Èdè Rust ò ní jẹ́ kó dà sórí nǹkan ẹlòmíì lóòótọ́, àmọ́ tó ò bá yẹ gígùn wò ó máa panic, ìyẹn ni pé á dá iṣẹ́ dúró, ìyá yẹn á ṣì dúró níwájú ẹlẹ́ja.

aṣọ́de: Ta ló ní ká máa pe memory ní ìrántí? Mẹ́mọ́rì ni ká pè é.

kékeré_ògo: Ìrántí ni olùkọ́ wa pè é sà.

aṣọ́de: Ìrántí ti èèyàn nìyẹn.

ìyá_tẹ́ẹ̀kì: Àjàní, kí lẹ wá ṣe sí i?

Àjàní_C: Ìlà kóòdù kan péré ni. Tí gígùn bá ju 512 lọ, já ìlà POS yẹn, kọ nọ́ńbà ẹ̀ sínú log, àkọsílẹ̀ server. Láti ìgbà náà, kò tíì kú.