Ibo la ti lè rí oúnjẹ tí kò ní mílíìkì ní Peckham, ní London?

Ìyá Ọmọ Kan, SE15
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mílíìkì kì í bá ọmọ mi lára mu. Ọmọ ọdún 4 ni, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu rárá. Láti ìgbà náà la ò ti jẹun níta mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn, mo sì fẹ́ mú wọn lọ jẹun ní Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n gbà?

Ìyá Ìbejì
Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun kan náà ló ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi. Oúnjẹ tiwa ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, iyán, ẹ̀fọ́ rírò: tí a bá fi epo sí ọbẹ̀ wọn, epo pupa tàbí òróró ni, mílíìkì ò bá wọn tan.

Àmọ́ ẹ má fọkàn balẹ̀ jù. Ní ilé oúnjẹ àwọn ará wa kan, mo béèrè pé, "Ṣé mílíìkì wà nínú jọ̀lọ́ọ̀fù yìí?" Wọ́n ní rárá. Ọmọ mi ò tíì jẹ ju ṣíbí 3 lọ tí ètè rẹ̀ fi wú. Bọ́tà ni wọ́n jù sí i nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kó lè ta sánsán. Ẹni tó dá mi lóhùn ò purọ́ o. Mílíìkì inú agolo ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Látọjọ́ náà, "Kí lẹ fi sè é?" ni mò ń bi wọ́n, kí wọ́n kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá dárúkọ bọ́tà, mo máa ń ní kí wọ́n gbé ike rẹ̀ wá kí n rí i, torí àwa a máa pe màgaríìnì náà ní bọ́tà, òmíràn nínú màgaríìnì sì ní mílíìkì. Whey, casein, ghee: mílíìkì ni gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n kọ "lactose-free" sí lára kò wúlò fún ọmọ yín. Ṣúgà inú mílíìkì ni wọ́n yanjú, purotéènì inú mílíìkì tí ara ọmọ kọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Pọ́fù-pọ́fù, ṣin-ṣin àti míìtì-páì, mílíìkì tàbí bọ́tà lè wà nínú wọn, ẹ yẹra fún wọn àfi tí ẹ bá mọ ẹni tó ṣe é.

Ẹ má tijú láti béèrè. Láti oṣù Kejìlá 2014 ni òfin ti ní kí gbogbo ilé oúnjẹ níbí lè sọ èwo nínú nǹkan 14 tí kì í bá àwọn kan lára mu ló wà nínú ohun tí wọ́n ń tà, mílíìkì sì wà lára wọn.

Ará Camberwell
Ẹ tún wo ọ̀dọ̀ àwọn ará Ethiopia. Àwọn onígbàgbọ́ Orthodox wọn máa ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sídeè àti Fráídeè. Wọn kì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí mílíìkì nígbà náà, nítorí náà wọ́n ní oúnjẹ àwẹ̀ tí wọ́n ń fi òróró sè. Òun ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì sọ pé ẹ ò fẹ́ niter kibbeh, bọ́tà olóòórùn dídùn wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Túrkì, yógọ́ọ̀tì ni wọ́n sábà fi ń rẹ adìyẹ kí wọ́n tó yan án. Ti àwọn ará Íńdíà, ghee àti búrẹ́dì naan ni kí ẹ ṣọ́.

Ìyá Ọmọ Kan, SE15
Ẹ ṣé gan-an. Èyí tí wọ́n kọ vegan sí ńkọ́, ìyẹn oúnjẹ tí kò ní ohunkóhun tó wá lára ẹranko? Ṣé mo lè gbára lé e?

Ìyá Ìbejì
Rárá o. Vegan ń sọ pé wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ fi mílíìkì sí i ni. Kò sọ pé ìkòkò tàbí òróró tí wọ́n fi dín nǹkan oníwàràkàṣì kọ́ ni wọ́n fi dín tiyín. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní nǹkan bí aago 3 ọ̀sán, nígbà tí èrò ò pọ̀, kí ẹ bá ẹni tó ń dáná gan-an sọ̀rọ̀. Tí dókítà bá ti kọ abẹ́rẹ́ adrenaline méjì fún ọmọ, èyí tí a máa ń gún tí oúnjẹ bá bá ara jà gidigidi, méjèèjì ni kí ẹ gbé dání. Tí ó bá ń mí gúlegúle, ẹ gún un lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe 999 fún áńbúláǹsì.