Ta ló ní àkókò ń rọ̀? Èsì lórí "ètò oníàkókò-rírọ̀"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti fẹ́ dákẹ́ láti àná, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́. Bọ̀dá tó túmọ̀ àlàyé Google Summer of Code, ètò tí Google fi ń sanwó fáwọn tó ń kọ kódù fún iṣẹ́ open source (kódù tí ẹnikẹ́ni lè wò, kó sì tún un ṣe), fáwọn ọmọ wa, tó kọ ọ́ pé ó ti di "ètò oníàkókò-rírọ̀ ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn", tó fi "rírọ̀" túmọ̀ flexible, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe, Ọlọ́run á san yín lẹ́san, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n bá yín fà á díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, pàápàá èyí tó wà láàárín.

Ká tètè mú "oníàkókò" kúrò ńlẹ̀. Níbo lẹ ti gbọ́ "oníaṣọ" rí? Ta ló ń pe aláta ní "oníata"? Alákòókò ni, ọmọ ọdún márùn-ún ní Muṣin á gbé e fún yín láìronú. Ẹ ní torí kó lè yé àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà lẹ ṣe pín in bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe àlejò, ilé Yorùbá la bí wọn sí.

"Rírọ̀" gan-an ló ń bí mi nínú. Kí ló ń rọ̀? Ẹ̀kọ ń rọ̀, òjò ń rọ̀, a máa ń rọ ẹni tínú ń bí pé kó rọ̀, àmọ́ tí Yorùbá bá ní nǹkan ti rọ̀ báyìí, líle ẹ̀ ló dín yẹn. Ẹ wá fi wéra pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti 2005 tí Google ti dá ètò yìí sílẹ̀ títí di 2021, ìgbà kan náà ni gbogbo àwọn tó bá wọlé jọ ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà kan náà ni wọ́n jọ ń parí, nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, bó ò bá ráyè nígbà yẹn, ó di ẹ̀yìn ọ̀la. Ní 2021, nígbà kòrónà, wọ́n gé iṣẹ́ sí wákàtí 175 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ìyẹn, ẹ bá pè é ní rírọ̀, n ò ní yọ yín lẹ́nu, torí iṣẹ́ dín lóòótọ́. Ti 2022 yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú open source, kì í ṣe ọmọ ilé ìwé nìkan mọ́, wọ́n dá iṣẹ́ wákàtí 350 padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 175, wọ́n wá ní iṣẹ́ tó yẹ kó gba ọ̀sẹ̀ 12 lè gùn dé 22 tí ọmọ àti ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà bá jọ fẹnu kò, ìyẹn ni pé èèyàn lè ṣiṣẹ́ wọ oṣù kọkànlá. Ní 2024 wọ́n tún fi iṣẹ́ kékeré wákàtí 90 kún un. Ẹni tó bá mú 350, 350 ló máa ṣe o! Àyẹ̀wò àárín wà níbẹ̀, ti ìparí wà níbẹ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi, owó dúró.

Níbo lohun tó rọ̀ wà níbẹ̀?

Kì í ṣe pé mo kàn ń wá ìjà. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kódù ní Yábàá, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ó ti rọ̀, ṣé mi ò lè fi kún IT, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ilé ìwé, tí mò ń ṣe?" Ọmọ yẹn ò kàwé òdì, ohun tá a kọ sílẹ̀ ló kà, á wá mú iṣẹ́ 350 lọ́wọ́, á tún máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Island láàárọ̀, nígbà tójú ẹ̀ á bá fi là, àyẹ̀wò àárín ti dé.

Màmá tó bí ìyá mi, aṣọ ló ń tà ní ọjà Balógun títí ara ò fi gbé e mọ́. Oníbàárà tó bá ra àwìn, tó wá ń bẹ̀bẹ̀ pé owó ò tíì sí, Màmá á ní, "Ó ti yé mi. Owó ò dín o, ọjọ́ ló sún." Ẹ gbọ́ Yorùbá! Màmá ò mọ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, kò mọ àpètúnpè, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi dín pe sún láyé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ ètò yìí rí: wákàtí ò dín, ọjọ́ ló sún. Nítorí náà, iṣẹ́ àsúnṣe ni mo pè é, bí àtúnṣe, bí àdáṣe. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, kó kọ ọ́ pé "ètò tọ́jọ́ ẹ̀ ṣeé sún", ó ti parí.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, ẹ máa ní tí wọn ò bá fàmì sí "sún", ó lè di sísùn, ó lè di sísun. Ẹ fàmì sí i nígbà náà! Ṣé rọ̀ tiyín ò lè di rọ ni, tá a ti mú arọ jáde? Àǹtí tó dábàá "àkókò yíyẹ̀" náà, ẹ má bínú, àdéhùn tó bá yẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn, a ò lè fi sórí iṣẹ́ tá a fẹ́ kọ́mọ ṣe yanjú.

Ẹ tún wo "ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn". Ẹ̀ẹ̀rùn wa, oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni. Oṣù kẹfà ní Èkó, òjò ni, àgbàrá ni, iná á lọ, dátà á máa ṣe ségesège. Họ́lídè Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n fi gbé kàlẹ́ńdà ètò yẹn kalẹ̀, ọmọ tiwa lè wà ní Yunifásítì Èkó ní Akoka tó ń múra ìdánwò lákòókò kan náà. Ní 2022 tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù kejì dé 14 oṣù kẹwàá, ta ló lè sọ ìgbà tí ìdánwò máa bọ́ sí? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀sẹ̀ 22 wúlò fún, á dáwọ́ dúró díẹ̀, á kàwé, á padà síbi kódù ẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Summer yẹn, orúkọ ètò ni, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹni tó sì kọ ọ́ lálẹ́ àná pé kí ẹni tí ò bá ní dìgírì nínú Yorùbá má dá sí i, mo rí i yín o. Àwọn ìyá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n sọ èdè yìí kó tó dọ́dọ̀ wa, dìgírì èwo ni wọ́n gbà? Mi ò tíì bá yín parí ìyẹn.

Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ "rírọ̀" kúrò kó tó di oṣù kẹta táwọn ọmọ máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ètò náà. "Orísun ṣíṣí" tẹ́ ẹ pe open source, ẹ fún mi di ọ̀la, torí omi ló ń ní orísun, mo sì ní ìbéèrè lórí "ṣíṣí" yẹn náà.