Owó ìkóẹrù tí báǹkì fún wa lẹ́yìn short sale, ìyẹn ilé tá a tà ní iye tí ò tó gbèsè orí ẹ̀, ṣé táàsì wà lórí ẹ̀?

Àbúrò tó béèrè, jọ̀ọ́ má tíì ná owó yẹn tán, jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe wá. Bowie, Maryland nilé wa wà, 2006 la rà á ní 389,000 dọ́là, nígbà tó fi máa di 2012 kò sẹ́ni tó máa fún wa ní 250,000 lórí ẹ̀, iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Báǹkì gbà ká tà á ní iye tí ò tó gbèsè orí ẹ̀, a tà á ní 2013, wọ́n wá fún wa ní ṣẹ́ẹ̀kì 3,000, wọ́n ní ká fi kẹ́rù. Inú mọ́tò ni mo jókòó sí tí mò ń wo ṣẹ́ẹ̀kì yẹn, mi ò lè sunkún mi ò lè rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, rẹ́ǹtì àti owó mọ́tò akẹ́rù ti gbé e lọ.

Jánúárì ọdún kejì, ìwé méjì dé. 1099-C lọ̀kan, iye gbèsè tí wọ́n fi jì wá ló wà nínú ẹ̀, ó lé ní 130,000, àyà mi là gààrà, torí wọ́n lè ka gbèsè tí wọ́n fi jini sí owó tó wọlé. Ìkejì ni 1099-MISC, ìwé tí wọ́n fi ń sọ owó tó wọlé féèyàn, 3,000 ló wà ní box 3, ibi tí wọ́n ń kọ owó mìíràn tó wọlé sí, mi ò tiẹ̀ bojú wò ó dáadáa, inú dúrọ́ọ̀ kíṣìnnì ni mo jù ú sí láàárín bátìrì àti kúpọ́ọ̀nù. Ẹni tó ń bá wa ṣe táàsì kọ fọ́ọ̀mù 982, èyí téèyàn fi ń sọ pé kí wọ́n má ka gbèsè tí wọ́n fi jì í sí owó tó wọlé, torí òfin 2007 lórí gbèsè ilé téèyàn ń gbé ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí gbèsè yẹn. Mo dúpẹ́ títí, mo rò pé ó ti tán.

2015 ni lẹ́tà CP2000 dé láti IRS, àwọn agbowó-orí ìjọba àpapọ̀, pé ohun tá a kọ ò bá ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn mu. Ìwé 3,000 tí báǹkì fi ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, kò sí nínú tiwa. Táàsì 750 dọ́là ni wọ́n ní ká san, èlé tún wà lórí ẹ̀, Maryland náà wá béèrè tiẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé gbèsè tí wọ́n fi jini nìkan ni òfin yẹn bò. Owó tí wọ́n kà lé ẹ lọ́wọ́ kó o lè jáde láìjà láìta, owó tó wọlé ni wọ́n ń pè é.

Àǹtí, ẹ kú ìrójú o. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀, Las Vegas ni, HAFA, ètò ìjọba fún àwọn tó fẹ́ ta ilé báyìí, la bá lọ, 3,000 ni wọ́n ń fúnni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di 10,000 ní 2015, ọdún yẹn gan-an la tà. Wọ́n kọ 10,000 yẹn sínú HUD-1, ìwé ìṣirò ọjọ́ tá a fọwọ́ sí títà ilé, 1099-MISC kankan ò sì wá. Àkáńtáǹtì mi kà á mọ́ iye tá a ta ilé, àdánù la sì tà á, kò sí táàsì kankan. Àbúrò, ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o sì gbé gbogbo ẹ̀ fún ẹni tó máa bá ẹ ṣe é, má ṣe fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àpò ìwé tiwa ni. 1099-MISC wà níbẹ̀, 2,500, box 3. Mo ti yọ ọ́ sọ́tọ̀.