Ta ló yẹ kó yẹ ìwé aláboyún yìí wò kí n tó tẹ̀ ẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Ìlọrin ni mo wà, lọ́nà Ọjà Ọba. Ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní kí n kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá fún àwọn aláboyún àti ìyá ìkókó. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìwé kan tí mo rà ní kí n máa fún un lómi láti oṣù kejì. Mo gbà á gbọ́ torí pé ìwé ni. Ìgbẹ́ gbuuru fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọyàn nìkan ni fún oṣù 6, láìsí omi, láìsí àgbo. Ìwé ọ̀hún kò ní orúkọ dókítà kankan, kò ní ọdún.

Mo ti kọ ti ọyàn. Mo kọ ọ́ pé kí aláboyún rí elétò ìlera ó kéré tán ìgbà 8, torí pé ìwé àtijọ́ ṣì ń sọ 4. Mo kọ jẹ́lì chlorhexidine, ìyẹn oògùn apakòkòrò, fún ìdodo ọmọ tuntun, dípò ọṣẹ ìfọyín.

Àgbo ló kù. Bí mo bá kọ ọ́ gbọnrangandan, àwọn ìyá àgbà lè ní mò ń tàbùkù àwọn, wọn ò sì ní jẹ́ kí ìyàwó ilé kà á. Báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀? Ṣé agbẹ̀bí kan tó láti yẹ̀ ẹ́ wò, àbí kí n wá dókítà ọmọdé kún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ Àìkú tó dé.