Preamp onítúùbù àtijọ́: báwo ni mo ṣe lè fi ṣe boost fún gìtá?

OlókùnMẹ́fà
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ túùbù. Preamp maikirofóònù kan (ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ gbé ohùn kékeré sókè) bọ́ sí mi lọ́wọ́, ti ayé àtijọ́, onítúùbù méjì (àwọn gíláàsì tó ń gbóná, tó ń gbé ohùn sókè): 12AX7 kan, 12AU7 kan. Tiransífọ́mà kan wà níbi tí ohùn ń gbà wọlé, òmíràn wà níbi tó ń gbà jáde. Mo fẹ́ gbé e sáàárín gìtá àti áńpù mi, kó ṣe boost, ìyẹn ni pé kó máa ti ohùn sólò síwájú. Áńpù mi mọ́ lóhùn gan-an, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di sólò, dùùrù á bò mí mọ́lẹ̀.

Mo dán an wò lálẹ́ àná. Mo wá wáyà tó so gìtá mọ́ ojú ihò maikirofóònù, mo tan án. Ohùn jáde lóòótọ́, àmọ́ bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu ni. Gbogbo dídán okùn kìíní àti ìkejì ti lọ. Tí mo bá yí fólúùmù kọjá mẹ́rin, áńpù á máa ya pátápátá. Ó tún ń kùn lábẹ́lẹ̀. Wáyà iná rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì péré. Ṣé túùbù ti kú ni?

ÀgbàOnítúùbù
Àbúrò, túùbù rẹ lè máà ní nǹkan kan. Kọ́kọ́ yọ ọ́ nínú iná, má sì tún tàn án bó ṣe wà yẹn.

Nínú nǹkan báyìí, iná bíi 250 fólítì ló sábà máa ń lọ sí pléètì túùbù (ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà jáde), àwọn kàpásítọ̀ ńlá (àwọn ohun tó ń tọ́jú iná) tó ń sẹ́ iná náà sì lè dì í mú lẹ́yìn tó o ti yọ plọ́ọ̀gì. Ó ti gbá mi rí. Mo ti yọ plọ́ọ̀gì, mo lọ jẹun, mo padà wá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Apá mi kú títí di ìrọ̀lẹ́. Látọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan inú áńpù láì kọ́kọ́ fi rẹ̀sísítọ̀ (ohun tó ń dènà iná) fa iná tó kù jáde, kí n sì fi mítà wò ó pé ó ti wálẹ̀ sí òdo.

Pààrọ̀ wáyà yẹn sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí wáyà ilẹ̀ so mọ́ ara irin rẹ̀ gírígírí. Tó o bá rí kàpásítọ̀ kékeré kan tó ti ojú iná lọ sí ara irin, gé e kúrò. Tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ara irin á di iná, okùn gìtá tó wà lọ́wọ́ rẹ náà á di iná. Àwọn kàpásítọ̀ ńlá ti gbẹ láti ọjọ́ yìí. Àwọn ni mo fura sí fún kíkùn yẹn. Tí o kò bá tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, gbé apá iná fún ẹni tó ń tún áńpù onítúùbù ṣe.

Ó wá ku ohùn. Tiransífọ́mà ẹnu ọ̀nà ló ń pa á. Maikirofóònù tí wọ́n ṣe é fún jẹ́ bíi 150 sí 200 ọ̀ọ̀mù (ìwọ̀n ìdènà iná), gìtá sì ń retí bíi mílíọ̀nù kan ọ̀ọ̀mù níwájú rẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni píkọ́ọ̀pù, apá tó ń gbọ́ okùn lára gìtá. Tó o bá gbé ẹrù wúwo lé e, ohùn òkè ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Yà kúrò lọ́dọ̀ tiransífọ́mà náà. Láti ihò gìtá, gba rẹ̀sísítọ̀ 68k (ọ̀ọ̀mù 68,000) lọ sí gíríìdì 12AX7, ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà wọ túùbù, kí rẹ̀sísítọ̀ 1M kan (mílíọ̀nù kan ọ̀ọ̀mù) sì ti ibi ihò náà lọ sí wáyà ilẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ áńpù gìtá ṣe rí nìyẹn.

ÌkaLóríOkùn
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí iná, àmọ́ títú u yẹn ń dùn mí. DI box oníbátìrì ni mo máa ń fi síwájú tèmi. Gìtá á rí ẹnu ọ̀nà tó fẹ́, preamp á rí ohun tó jọ maikirofóònù, mi ò sì gé nǹkan kan.

ÀgbàOnítúùbù
Ìyẹn dára fún ìgbohùnsílẹ̀. Lórí ìtàgé, àpótí méjì fún boost kan ti pọ̀ jù lójú tèmi. Òótọ́ lo sọ ṣá, kó má ju tiransífọ́mà náà nù. Kó yọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó kọ àmì sára wáyà kọ̀ọ̀kan.

OlókùnMẹ́fà
Ẹ ṣé gan-an. Yíya yẹn wá ńkọ́?

ÀgbàOnítúùbù
Agbára ló pọ̀ jù. Apá kan ṣoṣo nínú méjì tó wà nínú 12AX7 lè sọ ohùn di nǹkan bí ìlọ́po 60. Tí gìtá bá mú 0.1 fólítì wá, ó ti di 6 fólítì kó tó dé 12AU7 rárá. Apá àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni kó o lò. Mú ohùn lẹ́yìn kàpásítọ̀ tó wà ní pléètì rẹ̀, kó o sì fi fólúùmù síbẹ̀. Fi tuntun rọ́pò kàpásítọ̀ náà, torí àwọn ti àtijọ́ máa ń jẹ́ kí iná pléètì jò lọ sínú áńpù. Tó bá ṣì pọ̀ jù, fi 12AY7 rọ́pò 12AX7. Ẹsẹ̀ wọn bára mu, agbára rẹ̀ kò sì tó ìdajì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí: wo kàpásítọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ káátódù, ẹsẹ̀ kẹta túùbù náà lẹ́yìn gíríìdì àti pléètì. Tó bá jẹ́ 25 µF (ìwọ̀n bí kàpásítọ̀ ṣe tóbi tó), gbogbo ohùn ló ń gbé sókè, báàsì pẹ̀lú. Fi 0.68 µF síbẹ̀, báàsì á dúró sáàyè rẹ̀, àárín àti òkè á yọ síta. Ibẹ̀ gan-an ni sólò wà.

OlókùnMẹ́fà
Mo ti ṣe é! Ẹnì kan tó ń tún áńpù ṣe ló bá mi ṣe apá iná, mo fọwọ́ ara mi ṣe ìyókù. 12AY7 àti 0.68 ló wà níbẹ̀ báyìí. Mítà kò rí iná kankan tó ń jò jáde. Fólúùmù wà ní mẹ́ta, okùn kìíní ń dún bí agogo, dùùrù ò sì bò mí mọ́. Kíkùn kékeré kan ló kù, ó máa ń yí padà tí mo bá sún wáyà tó ń mú túùbù gbóná.

ÀgbàOnítúùbù
Inú mi dùn! Wáyà 6.3 fólítì méjèèjì yẹn, lọ́ wọn mọ́ra wọn bí okùn, tẹ̀ wọ́n mọ́ igun irin, kí wọ́n jìnnà sí wáyà gíríìdì. Ṣé ọwọ́ lo fi ń sún un nígbà tí iná wà níbẹ̀?

OlókùnMẹ́fà
Igi gbígbẹ ni, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn mi.