Báwo ni kí n ṣe gbé ètò dìgírì Actuarial Science mi kalẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ wọ yunifásítì, Actuarial Science sì ni ọkàn mi fà sí. Ìṣirò rọ̀ mí lọ́rùn láti kékeré, àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́ ló fà mí síbẹ̀. Ohun tó wú mi lórí ni pé ẹnì kan lè jókòó ti ìwé, kó wo iye àwọn tó ń kú lọ́dọọdún láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, kó sì sọ iye tó yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san, kí owó má baà tán lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò lọ́jọ́ tí opó bá wá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ṣé dandan ni kí orúkọ ẹ̀kọ́ tí mo máa kà jẹ́ Actuarial Science, àbí mo lè ka Ìṣirò tàbí Sítátísíìkì kí n sì tún di actuary, ìyẹn ẹni tó ń ṣe irú ìṣirò yìí? Ètò tí mo kọ sílẹ̀ ni pé kí n fi gbogbo ọdún tí mo máa lò ní yunifásítì wá máàkì tó ga, kí n wá bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àwọn ẹgbẹ́ actuary lẹ́yìn tí mo bá ti gboyè tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, bí àṣìṣe bá sì wà níbẹ̀, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Ìdáhùn kìíní

Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè kí o tó kọ orúkọ ẹ̀kọ́ kankan sínú fọ́ọ̀mù. Ìparí ètò rẹ ni àṣìṣe wà. Dìgírì nìkan kò lè sọ ọ́ di actuary tí ó kúnjú ìwọ̀n. Ìdánwò ẹgbẹ́ ló ń sọni dà á, ìdánwò náà sì pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń ṣe é fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ètò náà: kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ tí o fẹ́ wọ̀, wo ìdánwò rẹ̀, kí o tó wá yan yunifásítì àti kọ́ọ̀sì tó bá a mu.

Lára àwọn tó lókìkí jù ni Institute and Faculty of Actuaries ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 nígbà tí Institute of Actuaries, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1848, àti Faculty of Actuaries ti Scotland, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1856, di ọ̀kan. Society of Actuaries wà ní Amẹ́ríkà láti 1949. Casualty Actuarial Society náà wà níbẹ̀ láti 1914, ìdójútòfò ọkọ̀, ilé àti jàǹbá ni iṣẹ́ tirẹ̀ sì dá lé.

Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo yàn, àwọn yunifásítì kan wà tí ẹgbẹ́ náà ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ wọn, débi pé bí o bá gba máàkì tí wọ́n là sílẹ̀ nínú àwọn kọ́ọ̀sì kan, o kò ní tún jókòó ṣe ìdánwò tó bá kọ́ọ̀sì náà mu. Béèrè iye máàkì ọ̀hún kí o tó gba ààyè, torí máàkì tí wọ́n fi ń yege kọ́ọ̀sì lásán kì í sábà tó o. Bí ó bá jẹ́ Society of Actuaries, akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe Exam P, tó dá lé ìṣirò ìṣeéṣe, àti Exam FM, tó dá lé èlé owó, nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì. Ẹgbẹ́ yìí tún ń béèrè ẹ̀rí pé o ti ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ìṣirò owó àti ìṣúnná owó, àti sítátísíìkì oníṣirò. Kọ́ọ̀sì yunifásítì tí wọ́n ti fọwọ́ sí lè dúró fún àwọn wọ̀nyẹn, nítorí náà kí o rí i dájú pé wọ́n wà nínú àwọn kọ́ọ̀sì tí o máa yàn.

Ìdáhùn kejì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ dáhùn sọ, àmọ́ mo fẹ́ fi kún un, torí Ìṣirò ni èmi kà, mo sì ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ yẹn tó sọ pé orúkọ oyè rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ Actuarial Science. Ẹni tó ka Ìṣirò tàbí Sítátísíìkì dáadáa lè wọ̀ ọ́, ọ̀nà mìíràn á sì ṣí sílẹ̀ fún un bó bá rí i pé ọkàn òun kò sí níbi ìdójútòfò àti owó ìfẹ̀yìntì mọ́. Ohun tí èmi pàdánù ni pé mo fúnra mi jókòó ṣe gbogbo ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ka Actuarial Science ti fò púpọ̀ nínú wọn kọjá. Ó dá mi dúró ju bí mo ṣe rò lọ.

Èyí tó wù kí o kà, má fi ìṣirò ìṣeéṣe ṣeré. Àwọn tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kò ní ju òun àti èlé owó lọ. Ní 1693, Edmond Halley, onímọ̀ ìràwọ̀, fi àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ìlú Breslau ṣe àtẹ tó ń fi hàn iye ènìyàn tó ṣì wà láàyè ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni James Dodson, tí ẹgbẹ́ adójútòfò kan kọ̀ láti gbà torí pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà, wá ṣírò bí ó ṣe yẹ kí owó tí ènìyàn ń san bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ó kú ní 1757, kò rí Equitable, ẹgbẹ́ adójútòfò ẹ̀mí tí wọ́n gbé dìde ní 1762 lórí ìṣirò rẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní actuary. Ìtàn Dodson yìí máa ń dùn mí títí di òní.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti yé mi pé mi ò gbọ́dọ̀ fi ìdánwò dúró. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ìṣirò náà ṣe ń rí gan-an, kí n lè mọ̀ bóyá màá gbádùn rẹ̀? Ṣé kí n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti ọdún kìíní?

Ìdáhùn kẹta

Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ fún wọn hàn án.

Mú ènìyàn 1,000 tí wọ́n jẹ́ ẹni 40 ọdún. Ká ní 2 nínú wọn kú ní ọdún kìíní, tí 3 kú ní ọdún kejì, tí ìdílé ẹni tó bá kú sì máa gba 100,000 ní òpin ọdún tó kú. Èlé owó jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Owó tí ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lónìí fún àwọn 2 àkọ́kọ́ ni 200,000 tí a fi 1.05 pín, èyí tó jẹ́ 190,476. Ti àwọn 3 tó tẹ̀ lé wọn ni 300,000 tí a fi 1.1025 pín, èyí tó jẹ́ 272,109. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 462,585, nítorí náà ẹnì kọ̀ọ̀kan á san nǹkan bíi 463 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni àwọn fẹ́ máa san án ńkọ́? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pín 463 sí méjì, wọ́n á sì kọ 231 tàbí 232. Kò tó. Owó ọdún kejì pẹ́ kó tó wọlé, èlé ọdún kan ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ènìyàn 998 ló sì kù láti san án. Iye tó tọ́ sún mọ́ 237. Gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara rẹ dé ibẹ̀. Bí ìyàtọ̀ 231 sí 237 yìí kò bá jẹ́ kí o sùn títí o fi rí ìdí rẹ̀, ẹ̀kọ́ yìí máa bá ọ lára mu.

Ní ti kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni, láti ọdún kìíní. Láti 2019 ni ẹgbẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi R, èdè kọ̀ǹpútà fún sítátísíìkì, sínú CS1 àti CS2, ìdánwò sítátísíìkì wọn, tí wọ́n sì fi Excel sínú CM1, ìdánwò ìṣirò wọn. Kọ́ Excel dáadáa ná, kí o tó bọ́ sórí R tàbí Python.

Ìdáhùn kẹrin

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo fìdí rẹmi nínú Exam P lẹ́ẹ̀kíní. Mo há gbogbo fọ́múlà sórí, àmọ́ n kò fi aago síwájú mi rí láti dáhùn ìbéèrè. Ìbéèrè 30 ni, wákàtí 3 ni, ìṣẹ́jú 6 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àkókò fi tán, n kò tíì fojú kan méje nínú wọn. Ìgbà kejì, mo fi oṣù mẹ́ta dáhùn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú aago, mo sì yege. Ohun mìíràn tó ṣe mí níjàǹbá ni pé ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo fi í sí pẹ̀lú ìdánwò yunifásítì. Àbúrò, má ṣe bẹ́ẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé 237. Èlé ni mo kọ́kọ́ gbàgbé, ẹni 998 ni mo rí lẹ́yìn. Mo ti tún ètò mi kọ: kákúlọ́ọ̀sì àti ìṣirò ìṣeéṣe ní ọdún kìíní, Exam P nígbà ìsinmi tó gùn lẹ́yìn ọdún kejì, Exam FM ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kí n sì wá iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kí n tó wọ ọdún ìkẹyìn. Ṣé Exam P kò ti yá jù?

Ìdáhùn kìíní

Kò yá jù, bí o bá ti parí kákúlọ́ọ̀sì àti ìṣirò ìṣeéṣe nígbà náà, torí ìdánwò náà ń béèrè wọn. Wo ìwé kọ́ọ̀sì yunifásítì tí o fẹ́ wọ̀: bí ó bá jẹ́ ọdún kẹta ni wọ́n fi ìṣirò ìṣeéṣe sí, sún Exam P sí ẹ̀yìn ọdún kẹta, kí o sì gbé Exam FM síwájú rẹ̀, torí ìyẹn kò nílò rẹ̀.